Bí Owó Táṣẹ́rẹ́ Ṣe Lè Tó Yín Ná ní Salvador Bahia

Ẹni tó bá ń gbèrò Gúúsù Amẹ́ríkà, Rio ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ. Rio dára, àmọ́ ó mọ owó í jẹ. Tí owó ọwọ́ yín ò bá pọ̀, Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíìlì, ni kí ẹ kọ́kọ́ dé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ọmọ Yorùbá ń wá débẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àfi owó mọ́tò.

Láti ìparí ọdún títí Kánífà, àríyá ńlá tó ń ṣáájú Lẹ́ńtì, á fi kásẹ̀ nílẹ̀, owó yàrá máa ń fò sókè. Oṣù Kẹrin sí oṣù Keje lòjò ń rọ̀ jù. Ẹni tó ń ṣọ́ owó, kó lọ láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá: oòrùn wà, èrò kò tíì dé.

Ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún 90 ọjọ́. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 2025, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà gbọ́dọ̀ gba físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Nàìjíríà ń gba físà tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì tún lè gba físà ìrékọjá bí ẹ bá gba Lisbon tàbí Madrid kọjá, níbi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń lọ tààrà sí Salvador. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ẹ tó gbéra, torí ibòmíràn lè béèrè káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti Bràsíìlì wá.

Ní pápákọ̀, ẹ má tíì dá àwọn onítákísì lóhùn. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kan ń gbé èrò lọ sí ibùdó métrò. Ẹ wọ ìlà kejì dé Acesso Norte, ẹ bọ́ sí ìlà kìíní, kí ẹ sọ̀ ní Campo da Pólvora, ibùdó tó ṣáájú Lapa tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ àárín ìlú, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú tàbí tí ẹrù bá wà lọ́wọ́, ẹ fi fóònù pe ọkọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ sanwó, wọ́n á bi yín pé “débito ou crédito?” Ẹ ní crédito, bí káàdì ilẹ̀ òkèèrè yín tilẹ̀ jẹ́ dẹ́bíìtì, torí ẹ̀rọ sábà máa ń kọ òdìkejì rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ní kí òun ṣírò rẹ̀ sí pọ́n-ùn tàbí dọ́là, ẹ kọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń béèrè CPF, nọ́ńbà tí àwọn onílùú ní. Ẹ mú ìwé ìrìnnà lọ rà á lójú fèrèsé ní rodoviária, ibùdó bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn. Ẹ mú aṣọ òtútù dání: ẹ̀rọ amúlétutù inú bọ́ọ̀sì yẹn kò mọ àánú.

Lọ́sàn-án, ẹ wá ilé oúnjẹ “a quilo”. Ẹ ó bu oúnjẹ fúnra yín, wọ́n á gbé àwo sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ lẹ ó san. Ẹ ṣọ́ra fún eegun àti omi ọbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ti àkàrà. Acarajé lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ìyá aláṣọ funfun tó wé gèlè, tí wọ́n ń pè ní baiana, ló ń tà á létí títì. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí, ni wọ́n ń dín nínú epo pupa, ó sì ń tóbi tó ìkúùkù. Ìyá á fi ọ̀bẹ là á bíi búrẹ́dì. Á kọ́kọ́ fi vatapá sí i, búrẹ́dì rírẹ tí wọ́n fi wàrà àgbọn, ẹ̀pà, edé àti epo rò. Á fi caruru, ìyẹn ọbẹ̀ ilá, lé e. Á fi tòmátò sí i, á wá to edé gbígbẹ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Edé yìí ló ń mú un wọ́n. Ẹ ní “sem camarão”, owó á dín. Bó bá bi yín pé “quente?”, kì í ṣe gbígbóná ló ń béèrè, ata ni. Abará tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì, ọ̀lẹ̀ pọ́nńbélé ni. Ọ̀kan nínú méjèèjì, oúnjẹ alẹ́ ti parí.

Ní Pelourinho, ẹni tó bá so rìbọ́ọ̀nù ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim mọ́ yín lọ́wọ́ tó ní ẹ̀bùn ni, owó ló ń bọ̀ wá béèrè. Ní etíkun Porto da Barra, ẹ béèrè iye àga àti agbòòrùn kí ẹ tó jókòó. Wíwo ìwọ̀ oòrùn ní Farol da Barra, ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi, kò ná yín ní nǹkan kan.

Ní ti ilé òrìṣà, Ilê Axé Opô Afonjá, tí ìyálórìṣà Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní 1910, wà ní àdúgbò São Gonçalo do Retiro. Wọn kì í gba owó ìwọlé níbi ọdún tó ṣí fún gbogbo èèyàn. Ẹ wọ funfun, ẹ má wọ dúdú. Kí obìnrin ró ìró tàbí kó wọ síkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ ilé kì í ṣọdún nígbà Lẹ́ńtì, ẹ wádìí ọjọ́ kí ẹ tó lọ. Ẹ ó gbọ́ orin Yorùbá tí ohùn rẹ̀ ti yí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe fún wọn o. Ìlù lè dún di òru, nítorí náà ẹ fi bátìrì sílẹ̀ nínú fóònù tẹ́ ẹ máa fi pe ọkọ̀ padà.