Àǹtí Bódìjà, Kì Í Ṣe Ojoojúmọ́ La Ń Ṣe Fàájì Ní Yunifásítì Òyìnbó

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni yunifásítì tí mo wà ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń fi ímeèlì gígùn kan ránṣẹ́ sí wa: ìròyìn inú ọgbà lókè, ètò tó ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ nísàlẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló ní kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sóun, òun náà ló fi han Àǹtí Bódìjà, àtìgbà náà ni wọn ò ti jẹ́ kí n sinmi. Píṣà ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fíìmù lọ́jọ́ Rú, àwọn tó ń tẹ dùùrù lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, bọ́ọ̀sì tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ìlú York lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àǹtí á ní, "Ìgbà wo gan-an lẹ ń kàwé? Ìwọ tó o ní ó ń rẹ̀ ẹ́ níjọ́sí!" Mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó jókòó tì wọ́n lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí o. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Ohun gbogbo tó wà nínú ímeèlì náà ló ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ní agogo tí wọ́n dá gan-an. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n bá ń pín píṣà, inú bọ́ọ̀sì lèmi máa ń wà, tí mò ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi físà wọlé ṣiṣẹ́ lásìkò ẹ̀kọ́, èmi kì í sì í fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò nínú ẹ̀. Ìwòsàn tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni yẹn ńkọ́? £776 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ti gbà á kí èèyàn tó gbéra nílé. Àǹtí mi ní ṣé kì í ṣe pé mò ń wá ọgbọ́n tí n ò fi ní máa fowó ránṣẹ́.

Ti Yunifásítì Ìbàdàn, UI, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ mọ iná, ẹ mọ omi, ẹ mọ Micra tó ń há èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn láti Sáńgo dé géètì UI. Ìròyìn inú ọgbà nìkan ni mo fẹ́ sọ, torí òun ni wọ́n fi bú mi.

Ní UI, ìròyìn kì í dá dé. Ẹnìkan ló ń mú un wá. Lóòótọ́, pósítà wà lára igi, lára ògiri, lẹ́bàá Trenchard Hall, àti lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi sọrí Kúnlé Adépéjù, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìbọn ọlọ́pàá pa nígbà ìwọ́de ọdún 1971. Diamond FM náà wà lórí 101.1. Àwọn oníròyìn hóòlù sì wà, Mellanby ni o, Kútì ni o, Zik ni o, tí wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ pátákó, tí èèyàn á dúró tì í pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lọ́wọ́, á máa kà á, á sì máa bá ẹni tí kò mọ̀ rí jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kà á, ẹ ti gbọ́. Ẹnìkan á ti dìde níwájú kíláàsì kí olùkọ́ tó wọlé, á kí gbogbo ilé, á kéde ètò tiẹ̀. Àwọn fellowship á kan ilẹ̀kùn yín nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Bí ẹ bá sùn gbàgbé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á padà wá béèrè ohun tó ṣe yín. Skwọ́tà tó ń sùn lórí ilẹ̀ yàrá yín, tí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé kankan, òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ ọjọ́ ìdìbò àti ẹni tí wọ́n gbé lọ sí Jájà, ilé ìwòsàn inú ọgbà, lóru.

Ṣé àwọn ètò náà ń bẹ̀rẹ̀ lásìkò? Rárá o. Ètò agogo mẹ́rin, agogo mẹ́fà ni wọ́n ń to àga. Nígbà míì a ti dé ibẹ̀ tán ká tó gbọ́ pé wọ́n ti sún un síwájú. A ó bú, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sọdá sí Àgbówó lọ jẹun.

Ní Leeds, fóònù ló ń dún. Mo máa tẹ ibì kan láti gba àyè, wọ́n á kọ̀wé pé àyè mi ti wà, wọ́n á tún rán mi létí nígbà tó bá ku ọ̀la. Tí mo bá wá ráàyè lọ, wọ́n á ní kí n kọ orúkọ mi sórí bébà kékeré, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Ẹni tó dúró tì mí á béèrè ibi tí mo ti wá àti ohun tí mò ń kọ́, èmi náà á béèrè tiẹ̀. Á ní òun fẹ́ràn oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà gan-an. Bó bá ti di agogo méje ààbọ̀ tí wọ́n kọ pé ètò máa parí, wọ́n ti ń ká àga nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá ẹni yẹn pàdé nílé ìkàwé, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ yí. Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí àwọ̀ mi ni. Nígbà tó yá ni mo rí i pé bí wọ́n ṣe ń ṣe síra wọn náà nìyẹn.

Àwa mẹ́fà la jọ ń lo kíṣìnnì kan. Kálukú ló ní ibi tiẹ̀ nínú fíríìjì, orúkọ wà lára wàrà. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ wúwo, ó ń ti ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ nítorí òfin iná, kò sí ẹni tó lè ṣí i sílẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá yọjú wo ohun tí ẹ ń sè. Tó bá di oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Lóòótọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà wà, a sì ń jẹ ìrẹsì níbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, àmọ́ gbogbo wa là ń wo aago torí iṣẹ́. Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ jù ní gbogbo ìlú náà ni màmá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́. Ìròyìn ìgbà ogun Hítílà ló sì ń sọ fún mi.

Nínú oṣù Kejì, ímeèlì kan wọlé lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Ajé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti kú. Wọ́n bá gbogbo wa kẹ́dùn, wọ́n kọ nọ́ńbà tí a lè pè tí ọkàn wa ò bá balẹ̀. Mo kà á dé ìsàlẹ̀ kí n tó rí i pé ilé tí èmi náà ń gbé ni, ní àjà tó wà lókè tèmi. N ò gbọ́ igbe. N ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí àtẹ̀gùn. Mo kan ilẹ̀kùn aládùúgbò mi, ó ṣí i díẹ̀, ó ní òun náà ti ka ímeèlì náà, ó ní ó mà ṣe o, ó ti ilẹ̀kùn. N ò sọ pé ó hùwà tí kò dáa. Ṣùgbọ́n ká ní UI ni, gbogbo hóòlù ló máa jáde lálẹ́ nínú aṣọ dúdú, àbẹ́là á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á kọrin yí ọgbà ká, ẹni tí kò rí olóògbé rí á sunkún. Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í jí òkú. Èmi ni mo nílò ẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún Àǹtí Bódìjà, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ṣé o ń jẹun dáadáa?"

Kí ló wá dé tí n ò padà sílé? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yí mọ́ mi lọ́wọ́. Ní ọdún 2020, láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Kejìlá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi yanṣẹ́ lódì. Ní 2022, ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. N ò dá wọn lẹ́bi. Mo mọ olùkọ́ tó ń ta ẹyin lásìkò yẹn kí àwọn ọmọ ẹ̀ lè jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sílé nígbà náà mọ bó ṣe rí kéèyàn máa béèrè ọjọ́ ìwọlé, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣègbéyàwó, ó lóyún, ó gbé oyún náà wá ṣe ìdánwò tó yẹ kó ti ṣe kó tó mọ ọkọ.

Àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń yanṣẹ́ lódì o. Wọ́n ṣe é ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2023. Àmọ́ òfin ní kí wọ́n kéde ṣáájú, torí náà wọ́n to ọjọ́ tí wọn ò ní wá sílẹ̀, kálukú kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà. Ìyanṣẹ́lódì gan-an ní déètì! Ìròyìn ibí lọ́jọ́, kò lẹ́nu. Ti Ìbàdàn lẹ́nu, kò lọ́jọ́. Ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí àwọn òbí ẹ̀ ń dàgbà, ọjọ́ ló máa mú. Èmi mú ọjọ́, tí wọ́n bá sì tún da ìbéèrè náà síwájú mi lọ́la, òun náà ni n óò mú, bó ti wù kí n sunkún tó.

Nínú oṣù Kọkànlá, UI á tún kún. Ọjọ́ 17 oṣù náà ni ọjọ́ ìdásílẹ̀, láti 1948, ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde sì máa ń bọ́ sí àsìkò náà. Àbúrò mi wà lára àwọn tó máa wọ gáùn. Níbi tí mo wà, tíkẹ́ẹ̀tì àlejò méjì ni wọ́n ń fún ẹni tó ń gboyè. Àǹtí Bódìjà ti ka èèyàn ọgbọ̀n, wọn ò tíì ka àwọn ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kúlà ìrẹsì á wà lábẹ́ igi, onílù á wà lẹ́nu géètì, wọ́n á sì ti mọ oríkì bàbá wa kí ọkọ̀ tó dúró. N ò ní lè wà níbẹ̀. Owó ọkọ̀ òfurufú ò jẹ́.

Àbúrò mi ti ń béèrè bí òun náà ṣe máa wá. Mo sọ fún un pé Chevening, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, máa ń ṣílẹ̀kùn ní oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, kó lọ sin ìlú ná. Ni Àǹtí Bódìjà bá gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ìwọ tó o ní ibẹ̀ tutù, tó o ní èèyàn kì í kí èèyàn, ìwọ náà lò ń júwe ọ̀nà fún un?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, àǹtí, ẹ jẹ́ kó wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kémi náà máa ráhùn, èmi ni mò ń san owó iná."

Wọ́n ní ó dáa, pé kí n máa ráhùn lọ, kí n sá ti fi owó aṣọ ẹbí ránṣẹ́, torí aláṣọ ò ní dúró kọjá ọjọ́ Ẹtì.