Ó Wà Nílé, Ó Ń Sinmi

Gbólóhùn kan ni mo gbé kiri láti àárọ̀, bí n kò bá sì sọ ọ́ kalẹ̀ síhìn-ín, èmi àti òun ni a ó jọ sùn. "Ó wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó ń sinmi." Bàbá Àdùnní, ọkọ mi, ni ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, Màmá Abẹ́òkúta, lórí fóònù, nígbà tí ó rò pé mo ṣì wà lórí ibùsùn. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, ọ̀sán gangan sì ni lọ́dọ̀ wọn. Màmá ti béèrè àwọn ohun tí wọ́n máa ń béèrè: ìwé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ooru ti dé síbẹ̀ báyìí, ìyàwó wa wá ńkọ́, kí ni ó ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Èsì tí ọkọ mi fún wọn nìyẹn. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ẹni tí ń ròyìn ire. Bóyá ohun tí ó dùn mí jù nìyẹn.

Iṣẹ́ òní kò pọ̀ láti kọ. Mo wẹ àwọn ọmọ, mo fún wọn ní ògì, mo kó wọn lọ sí oko, mo kó wọn dé, mo se ẹ̀wà, mo fọ aṣọ, mo la ìjà lórí jangírọ́fà, mo sì ka iye tí ó wà nínú tábìlì kan nínú ìwé ọkọ mi sókè nígbà tí òun ń fi wé èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ oko tí mo ń sọ. Láti ọdún 1962 ni àwọn tí ń gbé ní Eagle Heights, ibùgbé tí yunifásítì ìlú Madison ní Wisconsin kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ìdílé, ti ń dáko sórí ilẹ̀ náà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbin ohun tí wọ́n ń jẹ ní ìlú rẹ̀. Ewédú mi ti kọjá orúnkún báyìí. Arábìnrin ará Íjíbítì tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà gbin ewédú náà, tirẹ̀ sì dára ju tèmi lọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí díẹ̀ nítorí mo rò pé àwa ni a ni ewédú. Ilá kò fẹ́ ṣe dáadáa. Ìgbà tí a lè gbìn ín níhìn-ín kò gùn: bí a bá sáré gbìn ín kí oṣù Karùn-ún tó dé ìdajì, ìrì dídì lè pa á, bí oṣù Kẹsàn-án bá sì ti ń parí, òtútù tún ti ń bọ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo ń fa koríko lónìí, ẹ̀rín pa mí, inú sì tún bí mi: ọkùnrin kan jókòó sínú yàrá tí ó ń kọ orí karùn-ún ìwé ìwádìí oyè dókítà rẹ̀ lórí ilẹ̀ oko, ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ oko gidi tí eruku wà ní èékánná rẹ̀, òun ni ó sì ń sinmi.

Mo ti fẹ́ mú wọn dé etí omi láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé àkọlé síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ omi. Ohun aláwọ̀ ewé kan tí ó máa ń hù lójú omi, tí wọ́n ń pè ní algae, ti bo ojú adágún Mendota létí ibẹ̀, ó ń rùn, ó sì nípọn bí ọbẹ̀ ilá. Èyí gan-an ni ọkọ mi ń kọ̀wé lé lórí. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tí ń mú ohun ọ̀gbìn dàgbà, tí ó wà nínú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n ń dà sí oko ni òjò àti yìnyín tí ń yọ́ máa ń gbá lọ sínú odò, odò a sì gbé e wọ adágún. Bí ooru bá dé, nǹkan aláwọ̀ ewé náà a jẹun yó, a sì gbilẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí màlúù pọ̀ sí bí Wisconsin kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀, nítorí èyí tí ó ti wọnú ilẹ̀ láti ọdún gbọọrọ ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń jáde díẹ̀díẹ̀. Àdùnní ka àkọlé náà fúnra rẹ̀, ó sì sọ fún Àkànbí àbúrò rẹ̀ pé kí ó má sunkún, pé bí Dádì bá ti parí ìwé rẹ̀, omi náà yóò mọ́. N kò tún un ṣe. Èmi pàápàá ti fi ọ̀pọ̀ nǹkan dúró de ìgbà tí ìwé yẹn bá parí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ mi. Ṣé irọ́ ni ó pa? Mo jókòó lábẹ́ igi lẹ́yìn tí mo bomi rin oko tán, Àkànbí sùn lórí ẹsẹ̀ mi, atẹ́gùn ń fẹ́, n kò sì ronú ohunkóhun fún bí ìdajì wákàtí. Kí ni èèyàn ń pe èyí bí kì í bá ṣe ìsinmi? Ní Ìbàdàn, ní irú ọjọ́ báyìí, mo lè wà níwájú kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́, kí n máa kọ́ wọn ní ìṣirò pẹ̀lú ohùn tí ó ti há, kí n sì tún wọ ọkọ̀ méjì kí n tó délé. N kò ṣàárò ọkọ̀ méjì. Ohun tí mo ń ṣàárò ni pé bí mo bá wọlé, àwọn ọmọ a dìde, wọn a ní "ẹ káàárọ̀, mà", wọn a sì ṣí ìwé. Níhìn-ín, màmá Àdùnní ni mí, ìyàwó ọkùnrin tí ń kàwé ni mí, ó sì tán.

Òfin ni ó sì ní kí n sinmi, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́. Físà F-2, èyí tí wọ́n ń fún ìyàwó tàbí ọkọ akẹ́kọ̀ọ́, tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà mi kò gbà mí láyè láti ṣiṣẹ́ gbowó ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Mo lè kàwé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ kà á ní kíkún, àfi kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ ipò mi sí ti akẹ́kọ̀ọ́, níbo ni owó ilé ẹ̀kọ́ ẹni méjì yóò sì ti wá? Nígbà náà, kí ni ó yẹ kí ó sọ fún Màmá? Kí ó ní, "Ìjọba kò jẹ́ kí ìyàwó mi ṣiṣẹ́, mà"? Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí ronú pé mo ṣẹ ìjọba. Wọ́n fi ìpàtẹ aṣọ àdìrẹ ní Ìtòkú rán ọmọ mẹ́rin níwèé. Obìnrin tí kò pa owó kò yé wọn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ mi máa fi ọ̀rọ̀ yẹn bò mí láṣìírí ni. Ó ṣeé ṣe kí ó máa fi bo ara rẹ̀ láṣìírí pẹ̀lú, nítorí òun ni ó mú mi wá.

Síbẹ̀, ó lè sọ pé, "Ó ń bá mi yẹ iṣẹ́ mi wò." Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Èmi ni mo rí i pé àròpọ̀ kan nínú orí kẹta kò bára mu, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó rí i. Ó ti kọ ojú ewé ìdúpẹ́, mo ti yọjú wò ó: ìlà mẹ́ta gbáko ni ó fi kí mi, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn, ó pè mí ní òpó tí ó gbé iṣẹ́ náà dúró. Ó ṣeun. Ṣùgbọ́n ta ni ń ka ojú ewé ìdúpẹ́? Màmá Abẹ́òkúta kò ní kà á. Ìlà mẹ́ta yẹn, mo fẹ́ kí ó mú ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kí ó sọ ọ́ lẹ́nu, ní Yorùbá, lórí fóònù.

N kò tíì sọ ohun tí Màmá fi dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ti ń sinmi, kí ẹ fi àyè yẹn wá ìkẹta." Ọkọ mi húkọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ húkọ́ níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí kò bá jẹ́ pé mo ń bínú ni, ǹ bá ti bú sẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ó wà á ni ó rí i: o sọ fún ìyá rẹ pé ìyàwó rẹ ń sinmi, o wá ń retí kí wọ́n fi adúrà nìkan dá ọ lóhùn.

Oṣù Kẹjọ ni yóò dúró níwájú àwọn olùyẹ̀wò. Wọn kì í ṣe ayẹyẹ ìgboyè ní oṣù náà níhìn-ín, ti oṣù Kejìlá ni ó kàn, nítorí náà aṣọ tí Màmá ti ń béèrè àwọ̀ rẹ̀ lè dúró ná. Láti oṣù Karùn-ún tí iṣẹ́ ìkọ́ni rẹ̀ ti parí ni a ti ń fi owó tí a tọ́jú jẹun, ilé ìwé Àdùnní kò sì ní wọlé títí di oṣù Kẹsàn-án, nítorí òfin ìpínlẹ̀ yìí kò jẹ́ kí ilé ìwé ìjọba wọlé ṣáájú rẹ̀. A ti fi ìwé OPT ránṣẹ́, ìyẹn àṣẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì tí ó kàwé jáde fi ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, yóò lè ṣiṣẹ́ fún oṣù 12, wọ́n sì lè fi 24 kún un nítorí pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó kà. Èmi yóò ṣì wà lórí F-2. A kì í sọ ìyẹn nígbà tí a bá ń ka ohun tí a ó ṣe "bí ó bá parí". A máa ń sọ̀rọ̀ ilé tí ó tóbi, ọkọ̀, ìrìn àjò sílé ní Kérésìmesì, lẹ́yìn náà ẹnì kan a ní òun fẹ́ lọ wo àwọn ọmọ.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù, ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ sì ń bá mi jà pé alẹ́ kò tíì lẹ́ kí ni àwọn fẹ́ sùn sí. Wọ́n fẹ́ dúró de tanátaná nínú koríko ẹ̀yìn ilé. Mo ti gbà. Ẹ̀fọn yóò jẹ wá.

Mo ń rò ó pé kí n pe Màmá fúnra mi lọ́la, kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ físà fún wọn ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, kí n sì sọ fún wọn pé mo ń dáko. Inú wọn yóò dùn sí oko. Ìkẹta ni wọn yóò tún padà sí, mo mọ̀. Tàbí kí n fi í sílẹ̀ fún ọmọ wọn, nígbà tí òun ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀… N kò tíì bi í léèrè pé kí ló dé tí ó fi sọ ọ́. Kò mọ̀ pé mo gbọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú yàrá báyìí ni, ó ń béèrè bóyá ẹ̀wà kù.