Eré ilé ìwé Amẹ́ríkà tó di ariwo n'Ítòkú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní high school l'Amẹ́ríkà, ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ń múra eré ìtàgé, ilé ò ní rọgbọ. Ẹ̀ ń lọ fi mọ́tò gbé wọn lálẹ́, ẹ tún máa wá ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wo ọmọ tẹ́ ẹ fúnra yín bí.

Tọdún yìí, And Then There Were None ti Agatha Christie, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń kọ ìtàn ọ̀daràn, ni wọ́n ṣe. Ọdún 1939 ni ìwé ẹ̀ jáde, òun náà ló sọ ọ́ di eré tí wọ́n ṣe ní London lọ́dún 1943, ó sì yí ìparí ẹ̀ padà, torí náà ẹni tó ka ìwé yẹn tó wá ń fọ́nnu lè jìn sí kòtò. Èèyàn 10 ni wọ́n pè sí erékùṣù kan, ẹni tó pè wọ́n ò sí ńlé, ni ohùn kan bá ń jáde látinú giramafóònù, ó ń ka ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn, pé kálukú wọn ló ti fa ikú ẹnì kan tí òfin ò rí wọn mú. Ère kéékèèké 10 wà lórí pẹpẹ, béèyàn bá ti ń kú ni ère ń dàwátì.

Ọmọ mi ló ṣe Mrs Rogers, obìnrin tó ń dáná fún wọn. Ojú oorun ló kú sí, òun lẹnì kejì, a ò tiẹ̀ rí òkú ẹ̀. Bó ṣe kú tán ni tíṣà gbé iṣẹ́ míì fún un, kó máa jí àwọn ère yẹn gbé. Ìbọ̀sẹ̀ dúdú ló máa ń wọ̀ kẹ́sẹ̀ ẹ̀ má baà dún, á na ọwọ́ gba ihò kan tí wọ́n lu sẹ́yìn pẹpẹ, á rọra mú ẹyọ kan. Iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ ọn ju eré lọ. Àwa òbí jókòó jẹ́ẹ́, a pàtẹ́wọ́, a lọ sílé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ká má ká a sí fóònù, torí owó nilé ìwé san fún àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ eré yẹn kí wọ́n tó ṣe é.

Ni ò ṣe sí fídíò tá a máa fi han Màmá mi nígbà tá a wálé s'Abẹ́òkúta. Ọmọ mi ní kò burú, òun máa ṣe é fún wọn. Ó kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ, ó to agolo mílíìkì 10 sójú fèrèsé. Èyí tó kọ́kọ́ kú mu sóbò, ó wúkọ́, ó ṣubú lulẹ̀ gbì, áà, aládùúgbò kan ti sáré gbé epo pupa dé! Màmá ń pariwo, "Lèsí fún un mu?" Nígbà tó kan ọmọ mi láti kú, inú bí Màmá: ẹni tó ń dáná fún wọn náà ni wọ́n pa, kí ni wọ́n á wá jẹ? Màmá wo Ògúnńdé nígbà ọmọge ẹ̀, ìkà tí ò fojú hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ò yé e rárá. Ó ní dókítà tó wà láàárín wọn ló ń pa wọ́n, kí wọ́n dì í mú, kó yéé fàkókò ṣòfò.

Wọ́n mú iná. Ká tó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, agolo méjì ti lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ka ìwé Òkédìjí lákàtúnkà, sọ ara ẹ̀ di Làpàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé yẹn, ó ń bi gbogbo wa léèrè ibi tá a wà, eré ti dúró o. Àṣé Màmá ni. Agolo tó fi ń wọn sódà tó ń fi rẹ àdìrẹ ni wọ́n kó mọ́ ọn, ó kàn rọra mú un padà nínú òkùnkùn.

Kí n sòótọ́, èyí dùn ju ti ilé ìwé lọ, kò sẹ́ni tó jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ mi kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má sọ ìparí ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo lọ gbé oúnjẹ fún Màmá ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ n'Ítòkú, ọjà àdìrẹ, ìyá tó ń taṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fà mí sẹ́yìn, ó ní, "Ìyá oníyàá, àwọn tí wọ́n pa sórí omi yẹn, ṣé àwọn ará ilé wọn ti wá gbé òkú wọn?"