Bí Mo Ṣe Ń Ka Ìtàn Iwin Nídìí Abo Ẹṣin Tó Fẹ́ Bímọ

Sáà ìbímọ mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ òru ní oko kan tí wọ́n ti ń sin ẹṣin eré ìje nítòsí Newmarket, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo àwọn abo tí oyún wọn ti gbó, kí n sì jí ọ̀gá bí ọ̀kan bá ti ń rọbí. Oyún ẹṣin ń lò tó oṣù 11, ṣùgbọ́n nítorí pé ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ni gbogbo ẹṣin Thoroughbred ibẹ̀, ìyẹn irú ẹṣin tí wọ́n ń sin fún eré ìje, jọ ń fi ọdún kan kún ọjọ́ orí wọn, ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Karùn-ún yóò máa bá èyí tí wọ́n bí ní oṣù Kejì sáré bí ẹgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan iná sí ilé àwọn abo láti oṣù Kejìlá, kí ara wọn lè rò pé ojúmọ́ ti ń gùn, kí wọ́n sì tètè gba akọ. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé inú òtútù ni èmi ń jókòó.

Òru ni ọ̀pọ̀ wọn ń bímọ, nígbà tí gbogbo ibi bá ti pa lọ́lọ́. Ta ni kò ní ka ìtàn iwin níbẹ̀? Ìlú náà kò sì ṣaláìní tirẹ̀. Wọ́n ní àwọn ènìyàn ń rí Fred Archer lórí ẹṣin, agẹṣin tó pa ara rẹ̀ ní ọdún 1886 ní ẹni ọdún 29. Sàréè darandaran kékeré kan tún wà ní oríta, ẹni tí wọ́n ní ó so ara rẹ̀ nítorí àgùntàn tó rò pé ó sọnù. Wọ́n ní àwọ̀ òdòdó tí wọ́n bá bá níbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ àwọ̀ aṣọ agẹṣin tí yóò gba Derby, eré ìje ẹṣin ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá ni mí, kò sí ẹni tó ní láti là mí lóye nípa oríta.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ti rí ohun bí ìda lẹ́nu ọmú abo kan, èyí tó fi hàn pé ọmọ kò ní pẹ́ dé, síbẹ̀ mo ṣí ìwé mi. Mo dé ibi tí ilẹ̀kùn inú ìtàn náà fẹ́ ṣí fúnra rẹ̀, ni mo bá gbọ́ tí koríko ń rọ́ lẹ́yìn mi. Ara mi bù máṣọ. N kò yíjú, nítorí ẹ̀rù ohun tí mo lè rí ń bà mí. Nígbà tí mo wá yíjú, abo náà ti dùbúlẹ̀, àpò tó ń yọ lára rẹ̀ kò sì funfun bó ṣe yẹ. Pupa ni, bí aṣọ àrán. Olóbì ti já kúrò nínú ilé ọmọ ṣáájú ọmọ, afẹ́fẹ́ ọmọ sì ń tán lọ. Ọ̀gá sáré dé, ó fi ọ̀bẹ ya àpò náà, a sì jọ fa ọmọ jáde. Ọmọ ẹṣin a máa dìde láàárín wákàtí kan. Wákàtí mẹ́ta ni tiwa gbà, a sì ní láti fún wàrà àkọ́kọ́ ìyá rẹ̀ sí i lẹ́nu.

Bí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ má fi nǹkan dí etí, ẹ kọjú sí ẹran náà kí ẹ tó ṣí ìwé, kí ẹ sì yan ìtàn kúkúrú. Láti ọjọ́ tí ìda bá ti yọ, èmi kì í kà á sínú mọ́. Mo ń kà á sókè jẹ́jẹ́ fún abo náà, etí rẹ̀ ni mo sì ń wò.