Bó Bá Wà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ọdún 2020

Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti fọwọ́ lónìí. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi ti ń sán. Àwọn ọmọ ti sùn, mo wá jókòó sídìí tábìlì láti kọ bí ọjọ́ òní ṣe lọ kí n tó gbàgbé, nítorí àwọn ọjọ́ ti ń jọra wọn jù láti ìgbà tí wọ́n ti ní kónílé ó gbélé. Ọjọ́ ọjà nìkan ló ń yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń jáde báyìí, èmi nìkan, mi ò ní mú ọmọ kankan dání.

Aago méje ku díẹ̀ ni mo dé ẹnu sùpámákẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé mo tètè dé, àmọ́ ìlà ti yí ilé náà po dé ẹ̀yìn. Wọ́n ti fi téèpù sàmì sílẹ̀, mítà méjì sí mítà méjì, kí oníkálukú lè mọ ibi tó máa dúró sí. Wákàtí àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sọ ìdúró tiwa di gígùn. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń ka orí: bí ẹnì kan bá jáde, ẹnì kan á wọlé. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ gbójú sórí fóònù, bóyá ìròyìn tí èmi náà ń kà ni wọ́n ń kà, pé láti Ọjọ́bọ̀ ni iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ti kó àrùn kòrónà yìí káàkiri ayé ti kọjá mílíọ̀nù kan. Mo pa fóònù. Mo fa bébà méjì yọ nínú àpò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.

Bébà méjì ni, torí ilé méjì ni mò ń rajà fún. Ọ̀kan jẹ́ tiwa. Èkejì jẹ́ ti Màmá tó ń dá gbé ní ilé tó kọjú sí tiwa. Wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn fínra. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe jáde rárá. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbà, torí wọn ò fẹ́ di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Bébà tiwa, mo ti tò ó bí pẹpẹ ilé ìtajà náà ṣe tò, kí n má bàa gba ibì kan kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, bí nǹkan ṣe ń wá sí wọn lọ́kàn ni wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ohun kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan. Ìrẹsì, bó bá wà. Ẹyin mẹ́fà, bó bá wà. Sànìtáísà kékeré, bó bá wà. Tíṣù, bó bá wà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni wọn ò kọ ọ́ sí lẹ́yìn.

Mo ka bébà yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lórí ìlà. Mo wo tèmi. Kò sí bó bá wà kankan lórí rẹ̀. Àpò méjì, páálí mẹ́ta, ìgò mẹ́rin; iye ni mo kọ síwájú ohun gbogbo.

Nígbà tó kàn mí láti wọlé, pẹpẹ tíṣù ti ṣófo láti òkè délẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń to ẹrù sí òdìkejì, mo bi í láti ọ̀nà jíjìn bóyá ó ti tán pátápátá. Ó ní kò tán. Ó ní ọkọ̀ ẹrù ń wá lóru, àmọ́ ohun tí àwọn bá tò ní ìdájí kì í rí aago mẹ́wàá. Bó ṣe sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú mi, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló fi pẹ̀lẹ́ béèrè.

Àtàárọ̀ ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn èèyàn ò kúkú ń lo tíṣù ju bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti ń lò ó ló yí padà. Nígbà tí ọ́fíìsì, ilé ìwé àti ilé oúnjẹ ṣì wà ní ṣíṣí, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ síbẹ̀, èyí tó ń lọ síbẹ̀ sì yàtọ̀. Róòlù ńláńlá ni, tí wọ́n ń fi sínú àpótí ara ògiri. Ẹ̀rọ tó ń ṣe é yàtọ̀, àwọn tó ń pín in náà yàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, gbogbo wa wá kó bọ́ sílé, a sì yíjú sí pẹpẹ kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun rí. Àlìkámà ò tán nílẹ̀, ilé ìlọ̀ ò sì dẹ́kun lílọ̀. Ohun tó wọ́n ni àpò kékeré tí a ń rà lọ sílé, torí inú àpò ńlá ni wọ́n ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ sí fún àwọn aṣebúrẹ́dì, ẹ̀rọ tó ń di àpò kékeré ò sì pọ̀. Ilé ìtajà fúnra rẹ̀ kì í tọ́jú ẹrù púpọ̀ sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ló ń wo ohun tí wọ́n tà sẹ́yìn láti mọ ohun tí wọ́n máa béèrè fún. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá wá fi ẹyọ kan péré kún iye tó ń rà tẹ́lẹ̀, pẹpẹ á ti ṣófo kí ọkọ̀ míì tó dé. Ẹni tó bá bá pẹpẹ lófìfo lónìí, bó bá rí ẹrù lọ́la, méjì ló máa gbé.

Mo mọ̀, torí ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti di àjàkálẹ̀ tó kárí ayé. Nígbà tó fi máa di Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta sí i, mo ti wà ní ilé ìtajà kan náà, tí mò ń kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ogun ń lé bọ̀. Ìrẹsì nìkan, àpò márùn-ún. Nígbà yẹn wọn ò tíì fi ìwọ̀n sí iye tí èèyàn lè rà. Ẹ̀rù ló bà mí, mo ní àwọn ọmọ nílé, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Mi ò bá ara mi jà lórí ẹ̀rù yẹn. Àmọ́ a ò tíì jẹ àpò kan tán láti ìgbà náà.

Àkọlé kan wà níwájú pẹpẹ ìrẹsì lónìí, pé ẹyọ kan fún ẹnì kan. Pẹpẹ náà ṣófo. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bébà Màmá lọ́wọ́. Ìrẹsì tí kò sí níbẹ̀, mo mọ ibi tó wà. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Mi ò pẹ́ níbi tó kù. Mo rí ẹyin. Mo rí ẹ̀wà, iyọ̀ àti òróró. Páálí ìbomú kan ṣoṣo wà nítòsí ibi ìsanwó, irú èyí tí àwọn oníṣègùn ń lò, mi ò sì gbé e. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nílò ìbomú bíi mílíọ̀nù 89 lóṣù kan, pé kò sì kárí. Aṣọ ni mo fi rán tiwa, láti ara aṣọ ìbùsùn òwú tó ti gbó. Lánàá ni iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà sọ fún àwọn ará ilẹ̀ wọn pé kí wọ́n máa fi aṣọ bo imú àti ẹnu bí wọ́n bá ń lọ sáàárín èrò.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Níwájú ẹni tó ń gbowó, ojú náà nìkan ló kù fún wa. Ike gàgàrà kan wà láàárín wa, ó bomú, èmi náà bomú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá sẹ́nu iṣẹ́. Kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé. Ìyá mi ò fẹ́ kí n wá.” Ó wá ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò tíì gbàgbé ojú yẹn. Ọ̀pọ̀ wa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kọjá níwájú rẹ̀ lójúmọ́ kí àwa lè jẹun.

Ilé oògùn ló kàn. Obìnrin kan wà níwájú mi tó ń bẹ apoògùn. Oògùn kan tó ń lò fún àrùn lupus, àrùn tí ohun tó ń gbógun ti àìsàn nínú ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà, ni kò rí rà, hydroxychloroquine. Oògùn ibà ni láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti gbọ́ pé ó lè wo kòrónà ni wọ́n ti ń rà á jọ, láìsí ẹ̀rí tó múná pé ó ń ṣe é. Ọwọ́ òfìfo ni obìnrin náà bá kúrò níbẹ̀. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún un, mi ò rí nǹkan sọ. Títí di báyìí mò ń wá ohun tó yẹ kí n ti sọ.

Mo rí oògùn Màmá gbà, ti ọgbọ̀n ọjọ́ péré. Tẹ́lẹ̀, ti oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Apoògùn ṣàlàyé pé àwọn ń pín in bẹ́ẹ̀ kó lè kárí, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn lẹ́yìn ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Sànìtáísà kò sí. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń fi ọtí mímu po tiwọn nílé, ìyẹn sì ń kọ mí lóminú. Ọ̀pọ̀ ọtí líle kì í ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀, kí ó tó lè pa kòkòrò náà lọ́wọ́, ó kéré tán kó jẹ́ ìdá 60. Ọṣẹ méjì ni mo rà fún Màmá dípò rẹ̀. Awọ ọ̀rá ló bo kòkòrò yìí, ọṣẹ sì ń tú ọ̀rá ká bó ṣe ń tú u lára abọ́. Kí èèyàn ṣáà fi ìṣẹ́jú àáyá 20 fọ ọwọ́ dáadáa, títí dé àárín ìka.

Mo kọ́kọ́ dé ilé. Mo fọ ọwọ́, mo kó ẹrù jáde nínú páálí. Ìwádìí kan tó jáde ní oṣù tó kọjá sọ pé wọ́n ṣì rí kòkòrò náà lára ike lẹ́yìn wákàtí 72, àti lára páálí títí di wákàtí 24. Nígbà tí mo kà á, gbogbo ọ̀rá ni mo ń nù. Àmọ́ àwọn tó ń rí sí ààbò oúnjẹ sọ pé wọn ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kó o látara oúnjẹ tàbí ohun tí wọ́n fi dì í. Mo ti fi nínù sílẹ̀ báyìí, mo di fífọ ọwọ́ mú. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ̀ wálẹ̀, mo fa àpò ìrẹsì méjì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo gbé ẹrù náà sẹ́nu ọ̀nà Màmá, mo kan ilẹ̀kùn, mo sún sẹ́yìn dé ojú ọ̀nà.

“Ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni, mà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Oògùn yín wà lókè.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yẹ inú báàgì wò. “Ìrẹsì wà! Méjì kẹ̀?”

“Kò sí lọ́jà, mà. Ilé ni mo ti mú un. Mo ti rà jù tẹ́lẹ̀.”

Wọ́n nàró, wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. “Ṣé kò ní wọ́n àwọn ọmọ?”

“Kò lè wọ́n wọn, mà.”

Mo rò pé wọ́n máa wọlé. Wọ́n fa àga kan sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n ròyìn ọjà fún àwọn. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti jáde kẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ mọ bí èrò ṣe pọ̀ tó, bóyá àwọn èèyàn ṣì ń kí ara wọn, bóyá wọ́n ń jà. Mo ròyìn ìlà, mo ròyìn téèpù, mo ròyìn ọmọ tó ń gbowó. Nígbà tí mo dé orí obìnrin ilé oògùn, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n béèrè bí ó ṣe dàgbà tó, bóyá ẹnì kan bá a wá. Mo dúró lórí ìdúró fún bí ìdajì wákàtí. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sórí bébà wọn, mi ò rò pé èyíkéyìí wà tí wọ́n dúró dè tó bí wọ́n ṣe dúró de ìròyìn yẹn.

Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n fi bébà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sórí àga, wọ́n ní kí n wá mú un bí àwọn bá ti ti ilẹ̀kùn. Ohun mẹ́rin péré ló wà lórí rẹ̀. Bátìrì rédíò méjì ló wà lókè pátápátá, wọn ò sì kọ bó bá wà sí i.

Mo yẹ dúrọ́ọ̀ wò kí n tó jókòó kọ èyí. Mẹ́rin wà níbẹ̀.