Ibà tí kì í ṣe ibà

Nígbà tí ara ọmọ mi gbóná lẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù mẹ́ta, mi ò tiẹ̀ gbé e lọ síbì kankan mọ́. Mo kàn yà sí kẹ́míìsì àdúgbò wa ní Kubwa, mo ní, "Ẹ fún mi ní ti ọjọ́sí." Ó mọ èyí tí mò ń wí. Kò bi mí ní nǹkan kan, èmi náà ò sì sọ nǹkan kan. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún méjì.

Oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni. Bó bá ti lò ó tán, ara á tutù, á tún máa sáré kiri pálọ̀, a óò ní oògùn ti ṣiṣẹ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ara tún gbóná. Ìyá mi á pè láti Ògbómọ̀ṣọ́: "Ṣé ẹ ti se dóńgóyárò fún un? Ẹ fi ewé tíì sí i." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní eyín ló ń hù. Aládùúgbò wa ní gọ́tà ẹ̀yìn ilé ni, pé ẹ̀fọn ibẹ̀ ò ṣeé bá ṣeré.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹnu wa gan-an ló ṣì wá lọ́nà. Lédè wa, kí ara gbóná, ibà ni. Àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó ranni, ibà náà ni. Bí ìyàwó mi bá ti pè mí níbi iṣẹ́ pé, "Dádì, ibà tún ti mú un o," àyẹ̀wò ti parí nìyẹn, oògùn ló kù. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin la tó gbé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì Hausa kan ló sì là mí lójú níbẹ̀. Mo ní ibà náà ló tún padà wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Zazzabi daban, zazzabin cizon sauro daban." Zazzabi ni kí ara gbóná, zazzabin cizon sauro ni èyí tí ẹ̀fọn tó jẹni fà. Ọ̀tọ̀ lèyí, ọ̀tọ̀ lọ̀hún. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń bá Hausa ra tòmátì ní Àbújá, mi ò fiyè sí ìyẹn rí.

Wọ́n gún un ní ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sójú ike àyẹ̀wò kékeré yẹn. Ìlà méjì yọ: ibà wà. Inú mi ti fẹ́ máa dùn pé mo kúkú ti wí. Dókítà wá bi mí pé ìgbà wo la lo oògùn ibà kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, àbí méjì? Mo wo ojú ìyàwó mi, ó wo tèmi. Dókítà ní ohun tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ike yẹn ń wá, kì í ṣe kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ohun náà sì lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Ó ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ maikirosíkóòpù. Kò sí kòkòrò ibà kankan níbẹ̀. Wọ́n bi wá ní jínótáìpù: AA ni èmi, AS ni ìyàwó mi, nítorí náà ọmọ ò lè jẹ́ SS. Wọ́n wá ní ká gba ìtọ̀ rẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba ìtọ̀ ọmọ ọdún méjì rí, ẹ kú iṣẹ́. A fọ abẹ́ rẹ̀, mo di kọ́ọ̀pù mú, ìyàwó mi ń rọ omi sí i lẹ́nu. Orí bàtà mi ló kọ́kọ́ tọ̀ sí. Kí wọ́n tó fún un ní oògùn apakòkòrò kankan ni wọ́n gbà á, torí bí oògùn bá ṣáájú, kòkòrò lè má hàn mọ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí lábù tó parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Àkóràn ọ̀nà ìtọ̀ ni.

Àmì sì ti wà nílẹ̀. Bá a bá gbé e sórí póò, ẹkún ni. A ní agídí ni. Ìgbẹ́ rẹ̀ le, ó lè di ọjọ́ mẹ́ta kó tó yà. A ò kà á sí. Dókítà ní ìgbẹ́ tó dì sínú kì í jẹ́ kí ìtọ̀ tán dáadáa. Kò húkọ́, imú rẹ̀ ò sì dí, ara kàn ń gbóná ṣáá.

Kí ló wá dé tí ara fi ń tutù lẹ́yìn oògùn ibà? Paracetamol tí à ń fún un mọ́ ọn ni mo fura sí. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀fìnkìn kíréṣì làwọn míì, tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta. Oògùn ọjọ́ mẹ́ta, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta: oògùn ló ń gba ọpẹ́.

Nísinsìnyí, ìwé kan wà lórí fíríìjì wa. Tẹmómítà lábíyá, kì í ṣe ẹ̀yìn ọwọ́ níwájú orí. Bó bá ti tó 37.5, a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, iye ọjọ́ tó fi gbóná, ohun mìíràn tó ń ṣe é, oògùn tó lò àti àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Dókítà ní àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn ń gbóná déédéé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà síra, pẹ̀lú egbò ẹnu, ọ̀fun dídùn àti kókó ọrùn wíwú, tí wọ́n á sì le koko láàárín méjì. Ta ni yóò mọ ìyẹn láìsí déètì?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ibà ẹ̀fọn ti ń pa èèyàn tó Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ ṣáà ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ gan-an tí ara bá gbóná, kẹ́ ẹ tó lo oògùn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ má fi ti ìwé ṣe rárá, ilé ìwòsàn ni. Bẹ́ẹ̀ náà lọmọ tí gìrì gbé, èyí tí kò lè mu omi tàbí ọmú, èyí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, àti èyí tí ọrùn rẹ̀ le gan-gan, pàápàá ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àìsàn yírùnyírùn máa ń jà lápá Òkè Ọya níbí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara rẹ̀ gbóná: 38.2, ikun ń dà nímú rẹ̀, àyẹ̀wò ní kò sí ibà, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹta, ó ti tutù. Ìyá mi pè, mo ní, "Màámi, ọ̀fìnkìn ni." Wọ́n ní àwọn gbọ́, àmọ́ ká ṣáà fi ewé tíì díẹ̀ sómi ná.