Ẹ bá mi dúpẹ́ fún ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pè mí láti àná pé ẹ gbọ́ pé ojú mi ti là, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ohun tí glaucoma, àìsàn ojú tó ń ba ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀, bá ti mú lọ nínú ojú kì í padà mọ́. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni mò ń tìtorí ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí mo bá lówó ẹ̀ ni, màlúù ni ǹ bá pa.

Ọdún 2022 ni. Ọkọ̀ Micra ni mò ń wà nígbà yẹn n'Íbàdàn, láti Challenge sí Mọ́kọ́lá. Láàárín oṣù mẹ́ta, mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì ha ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún gbá ọmọlanke ọlọ́sàn kan ní Mọ́lété. Ọsàn fọ́n ká títì. Obìnrin náà pariwo: "Bàbá, àbí ojú yín fọ́ ni?" Mo bá a jà gan-an. Ṣé èmi tí mò ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ iwájú, tí mò ń ka Bíbélì lálẹ́, lojú mi fọ́? Kò dùn mí rárá. Ojú kàn ń yún mi ni, mo sì ti ń kán oògùn kan tí mo rà ní kẹ́míìsì sí i fún bí oṣù márùn-ún. Dókítà ló padà sọ fún mi pé èròjà kan tó ń jẹ́ steroid wà nínú ẹ̀, pé òun náà lè mú kí ìfúnpá ojú, ìyẹn agbára tí omi inú ojú fi ń ti ojú, ga sí i.

Ìyàwó mi ló wọ́ mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n wọn ìfúnpá ojú mi: 34 lósì, 27 lọ́tùn-ún. Ti ẹni tára ẹ̀ dá kì í sábà ju 21 lọ. Wọ́n ní omi kan wà nínú ojú tí kì í ṣe omijé. Bí ibi tó ń gbà jáde bá dí bíi gọ́tà tó kún fún pàǹtí, omi náà á máa ti iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ, iṣan náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Ìríran ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí iwájú tí mi ò rí ọlọ́sàn.

Wọ́n wá gbé àgbọ̀n mi lé ẹ̀rọ kan, wọ́n bo ojú kan, wọ́n ní kí n máa wo àárín, kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí mo bá rí iná kékeré tó bá ṣẹ́ wàì. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, iná ò tàn mọ́. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ yín ti kú o." Wọn ò dáhùn. Iná ń tàn, èmi ni mi ò rí i.

Dókítà béèrè ẹni tójú ti dùn rí nílé wa. Bàbá mi! Ọ̀pá ni wọ́n fi rìn títí wọ́n fi kú, gbogbo wa sì gbà pé àbúrò wọn ló gba ojú wọn nítorí ilẹ̀. Àìsàn tó ń rìn nínú ìdílé ni, tó sì máa ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú. A jẹ àbúrò bàbá mi yẹn ní àforíjì, wọn ò sì sí láyé mọ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tòsì kí omi lè rọ́nà jáde. Ẹ̀yin ará gáréèjì tí ẹ dáwó, Ọlọ́run á san án fún yín. Tọ̀tún, oògùn ni: ẹ̀kán kan ní alaalẹ́, màá dijú, màá fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì. Ìfúnpá ti wá sí 16. Mo ti ta Micra.

Mo kó àwọn àbúrò mi mẹ́ta lọ. Abígbẹ̀yìn wa, ẹni ọdún 38, ìfúnpá ojú tiẹ̀ ti ga, ṣùgbọ́n kò tíì pàdánù nǹkan kan. Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo dúró sí nígbà tó wà nídìí ẹ̀rọ, tí mò ń gbọ́ bọ́tìnnì: ká, ká, ká, kò dáwọ́ dúró.